"Iṣan Ló Ń Dùn Mí": Èwo Nínú Iṣan Ni?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe wàásù, ọ̀rọ̀ ara ènìyàn ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ kò dá, báwo ni yóò ṣe dìde kírun àsùbáà? Báwo ni yóò ṣe pàtẹ ọjà rẹ̀, tí yóò sì bọ́ ọmọ rẹ̀? Ìlera ni oògùn ọrọ̀, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dópin.

Ẹni tó bá mọ Èbúté Ìkòròdú mọ̀ pé iṣẹ́ agbára pọ̀ níbẹ̀. Ní ìhà Ìpakodò, àwọn kan ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó, àwọn kan ń ru ẹrù, àwọn kan ń wa yanrin láti inú ọ̀sà, àwọn ìyá wa sì ń yan ẹja nínú èéfín. Bí ilẹ̀ bá ṣú, olúkúlùkù a máa ráhùn. Alábàárù a ní, "Iṣan ẹ̀yìn ń dùn mí." Ìyá tó ti jókòó ti ọjà láti òwúrọ̀ a ní, "Iṣan ẹsẹ̀ mi wú." Bàbá tó ní ìtọ̀ súgà a ní, "Iṣan àtẹ́lẹsẹ̀ mi ti kú, n kò mọ̀ bí ẹsẹ̀ mi bá kan ilẹ̀." Ẹni tí ẹ̀gbà sì dá dùbúlẹ̀, àwọn ẹbí rẹ̀ a ní iṣan rẹ̀ ló sùn, kí wọ́n máa fi òrí ra á. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló pè é ní iṣan. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà ni yóò bá ẹni tí ń kiri oògùn pàdé, tí yóò sì ta oògùn kan náà fún wọn.

Níbí yìí gan-an ni ewu wà. Èdè wa dùn, ó sì jinlẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí, iṣan, ni a fi ń pe ohun mẹ́rin tí Ọlọ́hun dá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹran tí ń gbé apá sókè, iṣan ni. Ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, iṣan ni. Okùn tó so ẹran mọ́ egungun, iṣan ni. Fọ́nrán tí ń gbé ìròyìn láti ọpọlọ dé ọmọ ìka, iṣan náà ni. Ohun tí ń ṣe ọ̀kan kọ́ ní ń ṣe èkejì, oògùn tó sì wo ọ̀kan sàn lè ba èkejì jẹ́. Kí á tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ó yẹ kí á mọ ohun tí a fi ṣe ara ènìyàn láti ìpìlẹ̀.

ARA ÈNÌYÀN, AṢỌ HÍHUN NI

Àwa tí a ka ìwé kéú mọ ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kan, nasíìjù. Ohun tí a hun ni ìtumọ̀ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ahunṣọ ṣe ń hun aṣọ òkè. Ọ̀rọ̀ yìí náà ni àwọn oníṣègùn tí ń sọ èdè Lárúbáwá ń lò fún ohun tí a fi ṣe ẹ̀yà ara. Àwọn Faransé pẹ̀lú, ohun híhun ni wọ́n pè é, ọ̀dọ̀ wọn sì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti mú orúkọ tiwọn.

Òye pọ̀ nínú orúkọ náà. Ẹ wo agbádá. Òwú ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. A hun òwú di aṣọ, a sì rán aṣọ di agbádá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ara. Sẹ́ẹ̀lì ni òwú rẹ̀, ohun alààyè tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò fi lè rí i. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó jọra, tí wọ́n sì para pọ̀ láti ṣe iṣẹ́ kan, àwọn ni mo ń pè ní aṣọ ara nínú àlàyé yìí. Bí a bá wá rán oríṣi aṣọ ara pọ̀, ó di odidi ẹ̀yà kan: ọkàn, ẹ̀dọ̀, ikùn, ojú.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe ti àná. Ibn Sina, oníṣègùn Mùsùlùmí tí a bí nítòsí ìlú Bukhara ní ọdún 980, tó sì kú ní Hamadan ní ọdún 1037, kọ ìwé ìṣègùn ńlá kan tí à ń pè ní al-Qanun. Ìpín márùn-ún ni ìwé náà. Nínú ìpín kìn-ín-ní, ó pín ẹ̀yà ara sí ọ̀nà méjì: èyí tó jẹ́ oríṣi kan ṣoṣo, àti èyí tí a fi oríṣi púpọ̀ kó jọ. Bí a bá gé díẹ̀ lára egungun, egungun náà ni a ó ṣì máa pè é. Ṣùgbọ́n bí a bá gé díẹ̀ lára ojú ènìyàn, kò sí ẹni tí yóò pe ẹyọ náà ní ojú. Lábẹ́ oríṣi kan ṣoṣo, ó ka egungun, egungun rírọ̀ bí irú ti etí, fọ́nrán tí ń gbé ìròyìn, okùn tó so ẹran mọ́ egungun, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti ẹran. Ẹ ṣe àkíyèsí pé ohun tí àwa ń pè ní iṣan lápapọ̀, ọkùnrin yìí ti yà á sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Wọ́n túmọ̀ ìwé rẹ̀ sí èdè Látìnì, ọ̀pọ̀ ọdún sì ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga Yúróòpù fi kọ́ àwọn oníṣègùn wọn.

Nígbà tó di ọdún 1801, oníṣègùn Faransé kan, Xavier Bichat, tẹ ìwé jáde, ó ka aṣọ ara sí oríṣi 21, bẹ́ẹ̀ ni kò lo awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá rárá. Ọdún 1802 ló kú, ẹni ọgbọ̀n ọdún péré. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ fi awò náà wo ara fínnífínní, wọ́n sì rí i pé gbogbo oríṣi wọ̀nyí kó sábẹ́ mẹ́rin. Àwọn mẹ́rin náà nìyí.

AṢỌ KÌN-ÍN-NÍ: ÈYÍ TÓ BO ARA

Èyí ló bo ara lóde, òun náà la tẹ́ sí inú ẹnu, ọ̀fun, ikùn, ìfun àti àpò ìtọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ṣọ́ ẹnu ọ̀nà: láti gba ohun rere wọlé, kí ó sì ti ohun búburú mọ́ ìta. Àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ fara ti ara wọn gbagbagba bíi búlọ́ọ̀kù ara ògiri. Òun ni ìyà ń jẹ jù lọ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí náà Ọlọ́hun fún un ní ẹ̀bùn àtúnṣe. Awọ òkè ara a máa pààrọ̀ ara rẹ̀ tán láàárín nǹkan bí oṣù kan, aṣọ inú ìfun a sì máa pààrọ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún.

Ibi tí a bá ń fi rin ilẹ̀ tàbí tí a bá ń fi ra nǹkan lójoojúmọ́, awọ ibẹ̀ a máa nípọn. Ìdí nìyí tí àtẹ́lẹwọ́ atukọ̀ fi le, tí gìgísẹ̀ wa fi yi, tí iwájú orí àwọn kan nínú wa fi ní àmì dúdú láti ara ìforíkanlẹ̀. Àmì yẹn kì í ṣe àrùn. Ẹni tí kò ní i kò sì gbọdọ̀ rò pé ìrun òun kò tó, nítorí pé awọ ara ló yàtọ̀ síra, ìyẹn kọ́ ni ìgbàgbọ́.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń yan ẹja, tiyín wà níbí. Nínú ọ̀nà tí èémí ń gbà, aṣọ yìí hu irun wíníwíní tí ojú kò lè rí. Bí ọwọ̀ ni irun náà ṣe ń ṣiṣẹ́, ó ń gbá eruku àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lọ sókè kí á lè tu ú jáde. Èéfín a máa rọ ọwọ̀ yìí lágbára, bó bá sì pẹ́, a ba á jẹ́. Nígbà náà ni kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yóò dúró sínú àyà, tí ikọ́ kò ní lọ. Ẹ jẹ́ kí ààrò wà ní gbangba, kí ẹ dúró sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, kì í ṣe ibi tí èéfín ń fẹ́ lọ, kí ẹ má sì pọn ọmọ jòjòló sẹ́yìn nídìí rẹ̀. Ikọ́ tó bá ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, kì í ṣe ikọ́ àgbo mọ́. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò bóyá ikọ́ fée ni.

Ọ̀rọ̀ ikùn ló wá le jù. Omi kíkan kan wà nínú ikùn tó lágbára láti jẹ ẹran. Ohun tí kò jẹ́ kí ó jẹ ikùn fúnra rẹ̀ ni omi yíyọ̀ tí aṣọ inú rẹ̀ ń sun láti fi bo ara. Àwọn oògùn ara ríro tí a ń rà káàkiri, irú ibuprofen àti diclofenac, a máa dín omi yíyọ̀ yìí kù. Ẹni tó ń gbé e mì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lè má rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé e mì lójoojúmọ́, tó tún ń gbé e mì láìjẹun, ó ń ṣí ikùn rẹ̀ sílẹ̀ fún ọgbẹ́ ni. Oògùn wọ̀nyí lè ba kíndìnrín jẹ́, wọ́n sì lè mú ẹ̀jẹ̀ ríru lọ sókè. Ẹni tí ìgbẹ́ rẹ̀ bá dúdú bí ọ̀dà, tàbí tó ń bì ẹ̀jẹ̀, kí ó má ṣe dúró di ọ̀la. Ẹ rí i báyìí: ẹ̀yìn ló dun alábàárù, ikùn ló wá fi san án.

AṢỌ KEJÌ: ÈYÍ TÓ SO ARA PỌ̀

Oríṣi èyí pọ̀ jù lọ. Egungun wà nínú rẹ̀, 206 ni egungun àgbàlagbà. Ọ̀rá wà nínú rẹ̀. Okùn tó so ẹran mọ́ egungun àti èyí tó so egungun mọ́ egungun wà nínú rẹ̀. Egungun rírọ̀ tó wà ní oríkèé wà nínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ pàápàá, bó tilẹ̀ ń ṣàn, àwọn onímọ̀ kà á mọ́ aṣọ yìí, nítorí pé òun ló so gbogbo ara pọ̀. Àpá tí ń di ojú ọgbẹ́ náà, aṣọ yìí ni. Ní ara àwa aláwọ̀ dúdú, ó máa ń hù kọjá ààlà nígbà mìíràn, tí àpá á wú bí kókó.

Àwọn kan máa ń kẹ́gàn ọ̀rá. Ọ̀rá kì í ṣe pàǹtí. Àká ni. Nígbà tí a bá gbààwẹ̀, oúnjẹ tí ẹ̀dọ̀ tọ́jú ni ara kọ́kọ́ ń ná. Bí ìyẹn bá ń tán lọ, ara a ṣí àká ọ̀rá. Ọ̀rá ló tún ń tẹ́ bí tìmùtìmù yí kíndìnrín ká. Ṣùgbọ́n àká tó kún jù a máa wó ilé: ọ̀rá ikùn tó pọ̀ jù wà lára ohun tí ń fa ìtọ̀ súgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ẹ̀jẹ̀ inú àgbàlagbà tó nǹkan bíi líta márùn-ún. Inú mùdùnmúdùn egungun ni a ti ń ṣe sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lò nǹkan bí 120 ọjọ́. Ní ara ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, sẹ́ẹ̀lì náà a máa tẹ̀ bíi dòjé, a sì máa kú láàárín 10 sí 20 ọjọ́. Ó ń dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, ìrora rẹ̀ sì ń mú ọmọ ké lóru. Àwọn òbí á ní, "Iṣan ń fà á." Iṣan kọ́, ẹ̀jẹ̀ ni. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnì kan nínú ènìyàn mẹ́rin ló ń gbé AS. Bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ yóò jẹ́ SS. Láti ọdún 1994 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olu Akinyanju ti dá ẹgbẹ́ Sickle Cell Foundation Nigeria sílẹ̀ láti jà fún àwọn tó ní àrùn yìí, Ìdí-Àràbà ní Èkó sì ni ibùdó wọn wà. Ẹ̀yin lèmọ́ọ́mù, ẹ̀yin òbí, kí a tó so yìgì, ẹ jẹ́ kí á béèrè ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin. Kí a béèrè rẹ̀ nígbà tí ìfẹ́ ṣì kéré, kì í ṣe nígbà tí a ti dá ọjọ́ ìyàwó.

Ó ku ọ̀rọ̀ egungun kíkán. Ẹni tó ṣubú lórí alùpùpù, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, ọ̀dọ̀ àwọn tí ń to egungun ni ọ̀pọ̀ ń gbé e lọ. Egungun jẹ́ aṣọ tó ní sùúrù. Ó ń fi ọ̀sẹ̀ àti oṣù so, bí a bá sì tò ó dáadáa, ó lè le padà bí ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe egungun nìkan ló wà nínú ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá fi igi àti okùn dì í le jù, ẹ̀jẹ̀ kò ní kọjá. Ẹran àti fọ́nrán kò ní sùúrù egungun. Láàárín nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà láìrí ẹ̀jẹ̀, wọ́n lè kú pátápátá. Àwọn oníṣègùn wa ti gé ẹsẹ̀ àti ọwọ́ ọ̀pọ̀ ọmọdé nítorí ìdì líle yìí, bẹ́ẹ̀ ni egungun nìkan ló kán. Bí ìka ẹni tí a dì bá tutù, tó dúdú, tó kú tipiri, tàbí tí ìrora rẹ̀ ń le sí i, ẹ tú okùn náà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ilé Ìwòsàn Ìjọba wà ní Ìkòròdú, ti Ìgbóbì tó jẹ́ ti egungun sì ti wà láti ọdún 1945, nígbà tí wọ́n fi ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara pa nínú ogun àgbáyé kejì.

AṢỌ KẸTA: ÈYÍ TÍ Ń FÀ, TÍ Ń GBÉ

Èyí ni ẹran gan-an. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: a máa sún kì, a sì máa tú sílẹ̀. Oríṣi mẹ́ta ni. Ti kìn-ín-ní lẹ̀ mọ́ egungun, tiwa ni láti pàṣẹ fún un. Òun ló ń ru àpò yanrin, òun ló ń fi àjẹ̀ tu ọkọ̀, òun ló ń tẹ̀ wá ba fún rúkúù. Irú rẹ̀ ju 600 lọ nínú ara. Ti kejì wà ní ògiri ikùn, ìfun, ilé ọmọ àti ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Kò gba àṣẹ lọ́wọ́ wa, ó ń ṣiṣẹ́ bí a tilẹ̀ sùn. Òun ló ń ti oúnjẹ sísàlẹ̀, òun ló sì ń ti ọmọ jáde ní ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Ti kẹta wà nínú ọkàn nìkan, ó sì ń lù tó 100,000 ìgbà lójúmọ́ láìgba ìsinmi.

Ẹran tó lẹ̀ mọ́ egungun, bó bá ṣiṣẹ́ jù, a máa ro. Ìrora náà a máa le ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, lẹ́yìn náà a rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìsinmi, omi mímu, oúnjẹ tó ní ẹ̀wà, ẹyin tàbí ẹja, àti aṣọ tí a fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ, ìwọ̀nyí tó o. Ẹran ọkàn kò rí bẹ́ẹ̀. Apá tó bá kú nínú rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ hù mọ́. Àpá ni yóò bo ibẹ̀, àpá kò sì lè lù. Nítorí náà, ẹni tí àyà rẹ̀ bá wúwo bí ẹni pé a gbé ọlọ lé e, tó ń ro dé èjìká òsì tàbí àgbọ̀n, tí òógùn tútù sì ń bo, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìpara gbígbóná ra àyà rẹ̀ kí ó tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

AṢỌ KẸRIN: ÈYÍ TÍ Ń GBÉ ÌRÒYÌN

Ọpọlọ ni orísun aṣọ yìí, okùn inú ògóóró ẹ̀yìn ni òpópó rẹ̀, fọ́nrán rẹ̀ sì dé gbogbo ara. Bí ìka bá kan iná, fọ́nrán ni yóò gbé ìròyìn lọ. Bí ọwọ́ bá fà sẹ́yìn, fọ́nrán ló gbé àṣẹ wá. Èyí tó yára jù nínú wọn lè rin nǹkan bí ọgọ́fà mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣùgbọ́n aṣọ yìí ni àtúnṣe rẹ̀ ṣòro jù. Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó bá kú, a kì í sábà rí ìrọ́pò rẹ̀.

Àpẹẹrẹ tó yé wa jù ní ilẹ̀ yìí ni àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ a rọ, a tín-ín-rín, gbogbo ayé á sì rò pé ẹsẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Ẹsẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Kòkòrò àrùn náà a gba ẹnu wọlé, láti inú omi tàbí oúnjẹ tó dọ̀tí, a sì pa àwọn sẹ́ẹ̀lì inú okùn ògóóró ẹ̀yìn tí ń pàṣẹ fún ẹran ẹsẹ̀. Ẹran tí kò gbọ́ àṣẹ mọ́, rírọ ló ń rọ. Bí a bá fi òrí ra á fún ogún ọdún, ẹni tó ń pàṣẹ ti kú. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé kí ó má wọlé rárá ni oògùn rẹ̀. Ní ọdún 2003, àwọn ìpínlẹ̀ kan ní òkè ọya dá àjẹsára náà dúró nítorí ìfura, Kano sì wà lára wọn. Àrùn náà tún ràn ká. Lẹ́yìn tí àwọn àlùfáà, àwọn ọba àti àwọn ìyá gbárùkù ti iṣẹ́ náà, ó rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọdún 2016 ni a rí èyí tó kẹ́yìn nínú àrùn náà ti inú igbó, ní Borno, nígbà tó sì di ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé ilẹ̀ Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe tìtorí ìyẹn fi àjẹsára ọmọ falẹ̀, nítorí ohun tí a lé jáde lè padà wá.

Ẹ̀gbà náà bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ló rọ, ṣùgbọ́n inú ọpọlọ ni ìjàǹbá ti ṣẹlẹ̀: ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ kan ti dí, tàbí ó ti bẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń fà á jù lọ. Bí ẹnu ènìyàn bá ṣàdédé yọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí apá kan kò gbé sókè mọ́, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń lọ́, ẹ wo aago, kí ẹ sì sáré. Fún èyí tó dí, oògùn kan wà tí ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ju wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ lọ. Wákàtí tí a bá fi wá ẹni tí yóò ra á, wákàtí tí ọpọlọ fi ń kú ni.

Ẹni tó ní ìtọ̀ súgà, ṣúgà tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ a máa pa fọ́nrán ẹsẹ̀ rẹ̀. Yóò gún ìṣó, kò ní mọ̀. Ọgbẹ́ yóò rà, kò ní dùn ún. Ọlọ́hun ti fún àwa Mùsùlùmí ní ọ̀nà kan tó rọrùn: ìgbà márùn-ún lóòjọ́ ni a lè wẹ ẹsẹ̀ fún àlùwàlá. Kí a má kàn da omi sí i. Kí a wo àtẹ́lẹsẹ̀, kí a wo àárín ọmọ ìka, kí a sì nù ún gbẹ. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, kí ọmọ rẹ̀ bá a wò ó. Kí ó sì béèrè lọ́wọ́ oníṣègùn rẹ̀ kí ó tó gbààwẹ̀.

ÈWO NÍNÚ IṢAN NI?

Nísinsìnyí tí a ti mọ aṣọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ jẹ́ kí á padà sórí ọ̀rọ̀ náà. Bí ẹnìkan bá ní iṣan ń dun òun, kí a bi í léèrè báyìí.

Ṣé lẹ́yìn iṣẹ́ líle ló bẹ̀rẹ̀, tó ń ro bí a bá tẹ̀ ẹ́, tó sì ń dín kù lójoojúmọ́? Ẹran ni. Kí ó sinmi.

Ṣé oríkèé ni, tó gbọ́ "pá" nígbà tó ṣubú tàbí tó gbé ẹrù, tó wú, tí kò sì lè gbára lé e? Okùn tàbí egungun rírọ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ kì í pọ̀ dé ibẹ̀, nítorí náà ó ń pẹ́ kí ó tó san. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fà á tàbí kí a yí i kí oníṣègùn tó rí i.

Ṣé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wú, tó gbóná, tí ojúgun ẹ̀yìn rẹ̀ ń ro, lẹ́yìn ìjókòó pípẹ́, ìrìn àjò gígùn tàbí ìbímọ? Ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì nínú rẹ̀. A kò gbọdọ̀ ra á rárá, nítorí ẹ̀jẹ̀ dídì náà lè já, kí ó sì lọ dí ẹ̀dọ̀fóró.

Ṣé ó ń ta láti ìbàdí wá sí ẹsẹ̀ bíi mànàmáná, tàbí ó ń rìn bí èèrà, tàbí ibẹ̀ kú tipiri? Fọ́nrán ni. Bó bá wá lọ jẹ́ pé kò lè di ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ mú mọ́, ọ̀ràn ọjọ́ náà ni, kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ̀yin ará mi, kì í ṣe pé kí a pa ọ̀rọ̀ iṣan tì. Ọ̀rọ̀ àwọn baba wa ni, yóò sì wà lẹ́nu wa títí. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a má ṣe dúró lórí orúkọ kí a má mọ ohun tó ń jẹ́ orúkọ náà. Aláṣọ kì í fi sáńyán nu ilẹ̀, kì í sì í fi òkúùkù aṣọ rán agbádá. Ó mọ èyí tó ṣeé fọ̀ nínú omi gbígbóná àti èyí tí kò ṣeé fọ̀ bẹ́ẹ̀. Aṣọ tí Ọlọ́hun hun fún wa kò ní ẹ̀dà lọ́jà. Awọ a máa hù padà, egungun a máa so, ẹran a máa sinmi kí ó tó le. Ṣùgbọ́n ti ọkàn àti ti ọpọlọ, ìṣọ́ra nìkan ni àtúnṣe wọn.

Ó yẹ kí ìjọ mọ́sáláṣí kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí nọ́ọ̀sì tó wà nínú ìjọ máa fi í wọn àwọn ènìyàn lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀. Owó rẹ̀ kò tó èyí tí a ń ná lórí ìnáwó ọjọ́ kan. Ẹni tó mọ̀ kí ó sọ fún ẹni tí kò mọ̀. Kí Ọlọ́hun Ọba Olùṣẹ̀dá bá wa ṣọ́ ohun tí ó hun. Àmín.